Iná Láti Ojú Ọ̀run: Ibo Ni Ìlérí Ìjọba Lórí Iná Oòrùn Bá A Dé?

Kò sí ilé kan láàárín wa tí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò dé. Ìyá tí ń ta ẹja inú yìnyín mọ ohun tí ó ń ná òun bí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Télọ̀ tí ó gba aṣọ ìgbéyàwó lọ́wọ́ oníbàárà mọ bí àyà ti ń já nígbà tí ayẹyẹ ku ọ̀la tí iná kò sì tíì dé. Ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ń fi iná tẹlifóònù kàwé. Nínú ilé ìsìn wa pàápàá, owó tí a ń dà sínú ẹ̀rọ amúnáwá láàárín oṣù kan ti tó ohun tí à bá fi ran àwọn opó àti àwọn ọmọ aláìníbaba lọ́wọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba bá sọ pé òun fẹ́ fi oòrùn fún wa ní iná, ó yẹ kí a fetí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè pẹ̀lú pé: Kí ni wọ́n ti ṣe? Kí ni ó kù? Kí sì ni a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe tí a kò fi ní í fi owó ìdílé ṣòfò? Ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

KÍ LÓ DÉ TÍ GBOGBO OJÚ FI YÍ SÍ OÒRÙN?

Ní ọdún 2021, Báńkì Àgbáyé sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá tó mílíọ̀nù 85. Bí a bá pe ènìyàn 100 jọ ní ilẹ̀ wa nígbà náà, 43 nínú wọn ni kò ní iná. Báńkì náà sọ pé kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní gbogbo ayé tí iye tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí wọ́n sì ní in ńkọ́? Gbogbo iná tí ń gba orí wáyà orílẹ̀-èdè wa kọjá kì í sábà ju mẹ́gáwáàtì 5,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a ń dúró dè é ju igba mílíọ̀nù ènìyàn lọ. Ní ọdún 2024 nìkan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wáyà náà dákẹ́ pátápátá, tí òkùnkùn sì bo àríwá àti gúúsù lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà kan rí, ẹ̀rọ amúnáwá ni àbò wa. Bí wọ́n bá mú iná lọ, a ó fa okùn, ilé á sì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin. Líta kan tí kò tó náírà 200 tẹ́lẹ̀ ti kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń lọ sópin, ó ti lé ní náírà 1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 kan náà, owó iná àwọn tí wọ́n wà ní ìpele tí a ń pè ní Band A fò láti náírà 68 sí 225 fún yúnìtì kan, pẹ̀lú ìlérí pé wọn yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́. Ẹni tí kò ní iná ń ké. Ẹni tí ó ní in, owó rẹ̀ ń pa á lẹ́kún.

Ohun kan sì tún wà tí ó ju owó lọ. Èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí ojú kì í rí, tí imú kì í sì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Carbon monoxide ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí a bá gbé ẹ̀rọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí ilé ìdáná, tàbí sábẹ́ fèrèsé nítorí olè, afẹ́fẹ́ yìí á rọra wọ inú yàrá, á sì gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ń sùn. Ìdílé mélòó ni a ti gbọ́ pé wọ́n sùn lálẹ́ tí ilẹ̀ mọ́ tí wọn kò jí? Baba, ìyá àti ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ iná oòrùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí tàbí ti olówó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

BÍ OÒRÙN ṢE Ń DI INÁ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ooru oòrùn ni ó ń fún wa ní iná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni. Páńẹ́ẹ̀lì tí a ń gbé sórí òrùlé ni a fi silicon ṣe, èròjà kan tí ó wà nínú iyanrìn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sórí rẹ̀, agbára iná á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú rẹ̀. Wáyà á gbé e lọ sínú bátìrì, níbi tí a ó ti tọ́jú rẹ̀ di alẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà láàárín tí ń ṣọ́ bátìrì kí iná má baà pọ̀ jù fún un. Ínfátà ni ó wá ń yí iná inú bátìrì padà sí irú èyí tí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n wa ń lò.

Ọlọ́run fi oòrùn ṣe wá lóore ní ilẹ̀ yìí. Ní agbègbè etíkun, agbára oòrùn tí ń bọ́ sórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan tó yúnìtì 3.5 lójúmọ́. Bí a bá ti ń lọ sí òkè Hausa ni ó ń pọ̀ sí i, títí ó fi ń dé 7 ní ẹ̀bá aṣálẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì kò lè kó gbogbo rẹ̀, nǹkan bí ìdá márùn-ún rẹ̀ ni ó ń sọ di iná. Síbẹ̀, ìwọ̀n tí a ń rí yìí ju ti ilẹ̀ Jámánì lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Jámánì ti fi páńẹ́ẹ̀lì bo òrùlé wọn láti ọjọ́ pípẹ́.

OHUN TÍ ÌJỌBA TI DÁWỌ́ LÉ

Òfin ọdún 2005 lórí iná mànàmáná ni ó dá àjọ REA sílẹ̀, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú iná dé ìgbèríko. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí aráàlú, nítorí pé èrò tí ó wà nílẹ̀ ni láti máa fa wáyà gígùn láti ìlú dé abúlé, tí ó sì jẹ́ pé iná tí yóò gba inú wáyà náà gan-an kò sí.

Ní oṣù keje ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbésẹ̀ ńlá kan. Wọ́n bá ilé iṣẹ́ 14 tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé kí wọ́n kọ́ ibùdó iná oòrùn ńláńlá, tí àpapọ̀ agbára rẹ̀ yóò lé ní mẹ́gáwáàtì 1,000. Ìwé ìròyìn gbé e, inú ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn dé lórí iye tí wọn yóò máa san fún yúnìtì kan. Ìjọba ní owó tí àwọn kọ́kọ́ fẹnu kò sí ti pọ̀ jù, nítorí pé páńẹ́ẹ̀lì ti rọjú ní ọjà àgbáyé. Àwọn tí yóò yá ilé iṣẹ́ náà lówó béèrè ẹni tí yóò dúró bí ìjọba kò bá rí owó san. Ọdún ń gorí ọdún, ìwé àdéhùn wà nílẹ̀, iná kò dé.

Láti inú ìjákulẹ̀ yìí ni ọ̀nà mìíràn ti ṣí. Bí wáyà ńlá kò bá ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, èéṣe tí a kò fi kọ́ ibùdó kékeré sí abúlé kọ̀ọ̀kan? Abúlé Gbamu-Gbamu ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ìjẹ̀bú, ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2018 ni wọ́n ṣí ibùdó iná oòrùn kílówáàtì 85 níbẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti ìjọba Jámánì. Páńẹ́ẹ̀lì wà lójú kan, bátìrì wà nínú ilé tirẹ̀, wáyà sì gba ibẹ̀ lọ sí ilé àti ṣọ́ọ̀bù àwọn ará abúlé. Wọn kò dúró de wáyà ìlú ńlá mọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2018 kan náà, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá mílíọ̀nù 350 dọ́là fún Nàìjíríà, kí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ sí i. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà náà fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún un. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò náà: kì í ṣe pé ìjọba kó owó lé agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́ kí ó tó ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ kọ́ ibùdó. Ìgbà tí àwọn alábẹ̀wò bá rí i pé iná ti tàn ní ilé kan ni wọn yóò tó san owó ìrànwọ́ fún ilé náà, dọ́là 350 lórí ilé kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tan iná kò gba owó. Ní ilẹ̀ tí a ti rí ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe tí ó gba owó tí a kò sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Wọn kò gbàgbé àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga àti ọjà. Ní ọdún 2019, wọ́n ṣí ibùdó mẹ́gáwáàtì 7.1 ní Yunifásítì Bayero, Kánò, àti mẹ́gáwáàtì 2.8 ní Yunifásítì Alex Ekwueme ní ìpínlẹ̀ Ẹ̀bọ́ńyì. Ní ọjà Sabon Gari, Kánò, àwọn oníṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í lo iná oòrùn dípò ariwo àti èéfín.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, igbákejì ààrẹ nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yemi Osinbajo, lọ sí abúlé Jangefe ní ìpínlẹ̀ Jígáwá láti ṣí ètò tí wọ́n pè ní Solar Power Naija. Ìlérí wọn ni láti mú iná oòrùn dé ilé mílíọ̀nù 5, tí àwọn tí yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ yóò sì tó mílíọ̀nù 25 ènìyàn.

Ọdún 2023 ni òfin yí padà. Ní oṣù kẹta, wọ́n tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè pèsè iná, kí ó sì pín in, títí kan ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ wà. Ní oṣù kẹfà, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin iná mànàmáná tuntun. Láti ìgbà náà, kò sí àwáwí mọ́ fún gómìnà tí ó bá ní Àbújá ni ó di òun lọ́wọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Báńkì Àgbáyé tún fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là fún ètò mìíràn tí wọ́n ń pè ní DARES. Wọ́n ní yóò mú iná dé ọ̀dọ̀ ènìyàn mílíọ̀nù 17.5, yóò sì gba ipò ẹ̀rọ amúnáwá tí ó lé ní 280,000. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé owó yíyá ni. Àwọn ọmọ wa ni yóò san án. Nítorí náà, àwa òbí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a fi ṣe.

IBI TÍ Ó KÙ SÍ

A kò ní í sọ pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan. Àwọn abúlé wà tí òkùnkùn ti di ìtàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé àlàfo tí ó wà láàárín ìlérí àti ìmúṣẹ ṣì gbòòrò.

Nígbà tí ìjọba tí ó ṣe ìlérí ilé mílíọ̀nù 5 kógbá sílé ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọn kò tíì dé iye náà. Ìlérí tuntun ti dé lórí ti àtijọ́, bí ẹni pé àtijọ́ kò sí.

Owó tún jẹ́ ìṣòro. Ní ibùdó abúlé, iye tí wọ́n ń san fún yúnìtì kan máa ń ju ti ọ̀pọ̀ ará ìlú ńlá lọ fíìfíì, nítorí pé ilé iṣẹ́ tí ó kọ́ ọ gbọ́dọ̀ rí owó rẹ̀ kó padà lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń lo gílóòbù méjì lè rí i san. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó fẹ́ lo ẹ̀rọ ìlọta tàbí fíríìjì láti fi ṣòwò á ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ìtọ́jú ńkọ́? Ta ni nínú wa tí kò tíì rí òpó iná oòrùn ní ojú pópó tí ó tàn fún ọdún kan tàbí méjì, tí ó wá di igi gbígbẹ? Ọ̀pọ̀ ìgbà, páńẹ́ẹ̀lì kò kú, nítorí páńẹ́ẹ̀lì dáadáa lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì ni ó kú. Ètò ìṣúná ní owó ríra nínú, kò ní owó ìtọ́jú nínú. Wọ́n gé rìbọ́nù, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ.

Ohùn ìjọba náà kì í sì í dúró sójú kan. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, mínísítà kan sọ pé ìjọba ń ronú láti fòfin de kíkó páńẹ́ẹ̀lì wọlé kí ilé iṣẹ́ abẹ́lé lè dìde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn figbe ta. Lóòótọ́, a ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì ní ilẹ̀ wa. Àjọ ìjọba tí ń jẹ́ NASENI ní ọ̀kan ní Karshi, ní ẹ̀gbẹ́ Àbújá, láti ọdún 2011. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe nílé kò tó èyí tí à ń lò. Ní oṣù méjìlá tí ó parí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, páńẹ́ẹ̀lì tí ó wọ Nàìjíríà láti ilẹ̀ Ṣáínà lé ní mẹ́gáwáàtì 1,700. Bí a bá ti ilẹ̀kùn yìí pa kí òmíràn tó ṣí, ta ni yóò jìyà rẹ̀ bí kò ṣe mẹ̀kúnnù?

Ní ọdún 2025 kan náà ni a gbọ́ pé bílíọ̀nù 10 náírà wà nínú ètò ìṣúná fún iná oòrùn ní ilé ààrẹ ní Aso Rock. Àwọn aláṣẹ ní ó bọ́gbọ́n mu, nítorí owó iná ibẹ̀ ti pọ̀ jù. A kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí iná ìjọba bá ti sú ìjọba fúnra rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n mọ bí ó ti sú àwa náà tó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan níbí: èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn páńẹ́ẹ̀lì tí a ń rí lórí òrùlé ní àdúgbò wa, kì í ṣe ìjọba ni ó rà á. Baba onílé, ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ilé ìwòsàn aládàáni àti ìjọ ni ó fi owó ara wọn rà á.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN

Orílẹ̀-èdè Bangladesh ní ilẹ̀ Éṣíà kò lówó lọ́wọ́ jù wá lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2003, ilé iṣẹ́ ìjọba wọn kan tí ń jẹ́ IDCOL dá ètò sílẹ̀ láti fi iná oòrùn kékeré sí ilé àwọn ará oko. Ohun tí wọ́n fojú sùn ni ilé 50,000 láàárín ọdún márùn-ún. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, wọ́n ti dé ibẹ̀. Nígbà tí ètò náà fi parí ní ọdún 2018, ilé tí ó lé ní mílíọ̀nù 4 ni ó ti jàǹfààní, èyí tí í ṣe nǹkan bí mílíọ̀nù 20 ènìyàn.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ìjọba kò gbé páńẹ́ẹ̀lì lé orí kó máa kiri. Wọ́n yá àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti mọ ojúlé àwọn ará abúlé lówó, bí ẹgbẹ́ Grameen Shakti. Ìdílé á san owó díẹ̀ sílẹ̀, á sì máa san ìyókù lóṣooṣù fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ tí ó wá gba owó lóṣooṣù náà ni yóò yẹ bátìrì wò. Ìwọ̀n ọjà ní òfin, àwọn alábẹ̀wò sì ń lọ láti ilé dé ilé kí wọ́n tó san owó. Owó tí ìdílé ń ná sórí kẹrosíìnì fún àtùpà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń san gbèsè iná.

Kí ló wá ba nǹkan jẹ́ ní ìkẹyìn? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í pín páńẹ́ẹ̀lì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ń san gbèsè tirẹ̀ wo aládùúgbò tí ó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì dẹ́kun sísan. Ọjà pọ́ọ́kú tí kò ní ìdánilójú kún ìgboro. Wáyà ìjọba náà sì ń yára dé abúlé lẹ́yìn abúlé. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó yá owó kò rí owó san padà. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́.

Ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa níhìn-ín, ìjọba Tógò bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní CIZO ní ọdún 2017, wọ́n sì ń bá ìdílé tí ó bá ra iná oòrùn san lára owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ibùdó ńlá mẹ́gáwáàtì 50 ní ìlú Blitta. Ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní agbègbè Pobẹ̀ tí àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ wa ń gbé, wọ́n ṣí ibùdó mẹ́gáwáàtì 25 ní oṣù keje ọdún 2022. Ààlà nìkan ni ó wà láàárín wa àti wọn. Oòrùn kan náà ni ó ń ràn sí wa.

KÍ NI ÌDÍLÉ ÀTI ÌJỌ LÈ ṢE?

Ẹ̀yin ará, bí a ti ń retí ìjọba, ẹ má jẹ́ kí a ká ọwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a kánjú ra ohun tí a kò yé wa.

Èkíní, ẹ ṣírò ohun tí ẹ ń lò kí ẹ tó lọ sí ọjà. Ẹ mú ìwé àti bírò. Gílóòbù márùn-ún, wáàtì 9 lọ́kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 5 jẹ́ 225. Fáànù kan, wáàtì 60, fún wákàtí 8 jẹ́ 480. Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 80 fún wákàtí 4 jẹ́ 320. Fóònù gbogbo ilé, ẹ fi 50 sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,075, èyí tí í ṣe yúnìtì kan ó lé díẹ̀ lójúmọ́. Bátìrì olómi kan tí ó jẹ́ fóòtì 12 àti 200 lè gba 2,400. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí ó tó tún gba iná, kó má baà tètè kú. Ìdajì náà jẹ́ 1,200, ó sì tó fún ilé yìí. Ní ìhà gúúsù, páńẹ́ẹ̀lì kan tí ó jẹ́ wáàtì 400 lè gbé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní àkókò òjò, kò ní í tó; ẹ wá ìkejì sí i. Áyọ́ọ̀nù tí ń jẹ wáàtì 1,000 kò sí nínú ìṣirò yìí o, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ amúlétutù kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọn á ná owó púpọ̀ sí i.

Èkejì, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Àwọn kan ń kọ 300 sí ara páńẹ́ẹ̀lì tí kò lè mú 200 jáde. Àwọn mìíràn ń kun bátìrì tí ó ti kú lọ́dà tuntun. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fi mítà wọn páńẹ́ẹ̀lì náà nínú oòrùn níṣojú yín. Ẹ gba rìsíìtì tí iye ọdún ìdánilójú wà nínú rẹ̀, tí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó tà á sì wà níbẹ̀. Bátìrì olómi lè lo ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin bí a bá tọ́jú rẹ̀. Ti lítíọ́ọ̀mù wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó lè lo ọdún mẹ́wàá. Ọjà pọ́ọ́kú lónìí lè di ìnáwó ẹ̀ẹ̀mejì lọ́la.

Ẹ̀kẹta, ibi tí a gbé e sí ṣe pàtàkì. Kí páńẹ́ẹ̀lì dojú kọ gúúsù, kí ó dà gẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí òjìji igi máńgòrò má ṣe bò ó. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi omi nu eruku orí rẹ̀. Kí bátìrì wà níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kì í ṣe nínú yàrá tí ọmọ ń sùn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pa ọwọ́ pọ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí a fi ń ra ilẹ̀ àti ohun èlò ilé lè ra iná oòrùn pẹ̀lú. Bí ènìyàn ogún bá rà pọ̀, wọn yóò rí ẹ̀dínwó, wọn yóò sì lè san oníṣẹ́ gidi tí yóò máa bọ̀ wá wo gbogbo rẹ̀. Ìjọ tí ó bá fi iná oòrùn sí ilé ìsìn lè ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò máa wá kàwé.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní abúlé tí iná kò dé, ẹ mọ̀ pé òfin wà fún yín. Ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ibùdó sí ìlú yín gbọ́dọ̀ bá yín ṣe àdéhùn. Bí ó bá fẹ́ bá yín dúnàá-dúrà lórí iye owó yúnìtì, ìdá 60 nínú 100 àwọn oníbàárà gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn. Bí wáyà ńlá bá sì dé lọ́jọ́ iwájú, òfin ti sọ bí a ó ti ṣe ti ilé iṣẹ́ náà, kò ní í pàdánù. Nítorí náà, kí báálẹ̀, àwọn olórí ìjọ àti àwọn ọ̀dọ́ jókòó pọ̀, kí wọ́n kọ ìwé sí àjọ REA. Kí wọ́n yan àwọn tí yóò máa bójú tó owó ìtọ́jú kí iná tó dé, kì í ṣe ìgbà tí bátìrì bá kú.

ẸJỌ́ WA PẸ̀LÚ ÀWỌN ALÁṢẸ

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ìjọba máa kéde lọ́dọọdún, kì í ṣe iye ilé tí wọ́n fẹ́ fún ní iná, bí kò ṣe iye ilé tí iná ṣì ń tàn nínú wọn. Kí owó ìtọ́jú wà nínú gbogbo ètò ìṣúná tí owó ríra bá wà. Kí wọ́n dá àwọn tí ń kó ayédèrú wọlé dúró ní ibodè. Kí òfin orí páńẹ́ẹ̀lì má ṣe yí padà pẹ̀lú mínísítà kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn gómìnà tí ó ti gba àṣẹ láti ọdún 2023 fi àṣẹ náà ṣiṣẹ́, pàápàá ní àwọn ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé, níbi tí ìyá ti ń bímọ lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára sì ń bàjẹ́ nítorí fíríìjì tí kò ní iná.

Ní ti àwa, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa. Ní alẹ́ òní, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé gbé e kúrò níbẹ̀ kí ó tó sùn. Lẹ́yìn náà, kí tọkọtaya jókòó, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n ń ná sórí epo lóṣù kan sílẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá ìdajì rẹ̀ kò ní í tó san àjọ iná oòrùn láàárín ọdún méjì. Ohun tí ìwé náà bá fi hàn, ẹ jíròrò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Àwọn ni yóò pẹ́ lábẹ́ òrùlé náà jù.